Bí A Ṣe Ń Fi Oògùn Ẹ̀bu Sí Kápẹ́ẹ̀tì Àfọwọ́ṣe Kó Tó Kúrò Ní Ṣọ́ọ̀bù

Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe nígbà ọyẹ́ kì í sábà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí Iléyá ti sún mọ́, tí oníbàárà ní òun ń retí àlejò Ojúde Ọba, tí òjò sì ń rọ̀ láràárọ̀, òun ni wọ́n máa ń gbé padà wá lẹ́yìn oṣù méjì: ó ń rùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ti yọ sí etí rẹ̀. Ẹni tó ṣe é á sì máa búra pé òun fi oògùn sí i. Kò purọ́. Ó fi sí i lóòótọ́, àmọ́ ibi tó fi í sí, ìwọ̀n tó lò, tàbí ìgbà tó lò ó ni kò tọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tufting gun (ìbọn tó ń gún òwú wọ inú aṣọ tí a nà sórí férémù) ṣe kápẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti gbogbo àyíká wọn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ibi méjì ni ẹ̀bu ti ń wọlé sára kápẹ́ẹ̀tì: òwú tó yọrí sókè (ohun tí a ó máa pè ní irun rẹ̀ níbí, bíi ṣákí ara ìtàgbé), àti látẹ́ẹ̀sì tí a fi di òwú náà mú lẹ́yìn. Ibi méjèèjì ló nílò oògùn, oògùn wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ láé; a ó dé orí ìdí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn kì í gbẹ kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá tutù nínú, kò sí oògùn tó lè gbà á sílẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ yìí oògùn ni, ìdajì yòókù sísá ni.

Ohun tí ẹ nílò

- Silane quat olómi, irú èyí tí wọ́n ti pò mọ́ omi, tí ojúlówó oògùn inú rẹ̀ jẹ́ 5%. Ti òwú nìyí.
- Zinc pyrithione tí wọ́n ti lọ̀ kúnná mọ́ omi. Ó funfun, ó sì ki. Ti látẹ́ẹ̀sì nìyí.
- Òṣùwọ̀n méjì: ọ̀kan tó ń wọn kílò, àti kékeré irú ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń wọn gíráàmù.
- Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke mẹ́ta àti igi tàbí ike láti fi ro nǹkan. Ẹ má lo irin.
- Pépà pH (èyí tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn), ìgò fínígà funfun kan, àti bromophenol blue díẹ̀ (aró búlúù ni; ẹ lè rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò láàbù ilé ìwé).
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, awò ààbò ojú, ìbòmú.
- Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ní ibi ìfúnṣọ, tàbí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le dáadáa.
- Fáànù méjì, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bí ọ̀rinrin inú yàrá ṣe pọ̀ tó.
- Ìwé àti bírò. Èyí kì í ṣe àwàdà.

Ọ̀rọ̀ nípa rírà. Ọ̀jọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń lọ tí wọ́n bá fẹ́ ra kẹ́míkà, kò sì burú. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kó fún yín ní ìwé méjì: ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti ìwé ààbò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀mù ló ti bù ú sínú ike omi tí kò ní lébẹ̀lì, ẹ máa lọ. Wọ́n lè gbé silane quat tó jẹ́ 72% wá fún yín, kí wọ́n ní òun ló dínwó jù bí ẹ bá pò ó. Inú methanol ni wọ́n ti pò ìyẹn. Ó ń gbiná, òórùn rẹ̀ sì ń pa ènìyàn lára. Ṣọ́ọ̀bù tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. Bí wọ́n bá fi triclosan lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má gbà á: ní 2016, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, yọ ọ́ kúrò nínú ọṣẹ ìfọwọ́ tí ará ìlú ń rà, kò sì sídìí tí a ó fi gbé e lọ sílé oníbàárà.

Ìsáàlì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń fi fọ́n ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì. Ìsáàlì ń pa ohun tó bá lọ́jọ́ yẹn, òórùn rẹ̀ á sì dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, èyí tó ń tan ènìyàn jẹ pé oògùn ṣì wà níbẹ̀. Kì í dì mọ́ òwú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ilé ìwẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú òwú tó wà lọ́wọ́ yín

Yálà Òkè-Ajé ni ẹ ti ra òwú, tàbí wọ́n bá yín kó o wá láti Èkó, lébẹ̀lì rẹ̀ lè má sọ òtítọ́. Ẹ já díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ fi iná ràn án níta gbangba.

Bó bá rùn bí irun orí tó jóná, tó sì di eérú tí ọwọ́ lè fọ́, irun àgùntàn ni. Bó bá jó bí ìwé, òwú àgbẹ̀ ni. Bó bá yára jó, tó yọ́, tó sì fi kókó dúdú líle sílẹ̀, acrylic ni, òun ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tí a ń fọwọ́ ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá yọ́, tó ń rùn bí àbẹ́là, ẹ gé òmíràn nínú rẹ̀ jù sínú omi: bó bá léfòó, polypropylene ni.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń gba silane quat. Polypropylene kì í gbà á, nítorí kò sí ohun tí oògùn á dì mú lára rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi oògùn sí òwú polypropylene a máa pò ó mọ́ ike tó ti yọ́ kí wọ́n tó fà á di òwú, ohun tí kò ṣeé ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí tiyín bá jẹ́ polypropylene, ẹ fo ìgbésẹ̀ 2 sí 5, kí ẹ gbájú mọ́ látẹ́ẹ̀sì. Ike náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀bu. Ìdọ̀tí orí rẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀bu ń jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irun àgùntàn, ẹ má rò pé oògùn ẹ̀bu á lé kòkòrò tí ń jẹ irun. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bákan náà ni káńfọ̀ tí ẹ ń fi lé kòkòrò kò lè dá ẹ̀bu dúró.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fọ òwú, kí ẹ sì ṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀ pátápátá

Òwú tuntun ní epo lára láti ilé-iṣẹ́, oògùn kì í sì í wọ ibi tí epo bá wà. Ẹ yọ ọ́ ní ìdì tó tú, ẹ fi okùn dì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìfún un kó má baà lọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀. Irun àgùntàn kò fẹ́ kí wọ́n máa fún un tàbí rò ó kíkankíkan. Ó máa ń ki pọ̀, kò sì ní tú mọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ láìmọ̀. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ àti silane quat kì í gbé pọ̀. Bí wọ́n bá pàdé, àwọn méjèèjì á so mọ́ra wọn, oògùn á di pàǹtí funfun nínú omi, kò sì ní kan òwú. Ẹ lè ná gbogbo owó oògùn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nítorí pé ẹ kò ṣan ọṣẹ dáadáa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bu omi tí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí ìfófòó bá dúró lórí omi náà, ẹ tún un ṣan. Bó bá parẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó tó. Ẹ wá sá òwú náà gbẹ, nítorí òwú gbígbẹ ni a ó wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe ìṣirò

Ìwọ̀n òwú ni a fi ń mọ ìwọ̀n oògùn. Omi kàn ń gbé e rìn ni. Ẹni tó bá ń wí pé "ìdérí méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan" kò mọ iye tó ń dé ara òwú: bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà lè gba òwú kílò kan lónìí, kó gba mẹ́ta lọ́la.

Ẹ wo ìwé oògùn yín, ẹ wá iye ojúlówó oògùn tó ní kó wà lára òwú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 0.3% ló kọ síbẹ̀, tí òwú gbígbẹ yín sì jẹ́ kílò 4, ìyẹn gíráàmù 4,000.

0.3% nínú 4,000 jẹ́ gíráàmù 12. Iye ojúlówó oògùn tí a fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú jálá yín, 5% péré nínú rẹ̀ ni oògùn, ìyókù omi ni. Nítorí náà, ẹ pín 12 sí 0.05: gíráàmù 240. Gíráàmù 240 láti inú jálá ni ẹ ó wọ̀n.

Ẹni tó bá gbàgbé pínpín tó kẹ́yìn yẹn á fi gíráàmù 12 sí i. Ìdá kan nínú ogún ohun tó yẹ nìyẹn, mo sì gbà pé òun ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú "mo fi oògùn sí i, ó ṣì bu." Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n kúkú pò ó le kó lè dá wọn lójú. Ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀: òwú á le, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìdọ̀tí á sì máa rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ́ ẹ.

Ẹ kọ ìṣirò náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà tó wà lára jálá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ po oògùn, ẹ rẹ òwú

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò kí ẹ tó ṣí ìdérí. Quat tí kò tíì là ń jó awọ ara, ojú ló sì burú sí jù. Bó bá ta sójú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Fún kílò òwú kan, lítà omi márùn-ún tó. Ẹ fi pépà pH wo omi náà. Ọ̀pọ̀ ìwé oògùn yìí máa ń béèrè omi tó kan díẹ̀, láàárín 4 sí 6. Fínígà ni kí ẹ fi mú un wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Omi ni kí ó kọ́kọ́ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Oògùn ni kí ẹ máa dà sínú omi bí ẹ ti ń rò ó, kì í ṣe omi sínú oògùn. Bí ẹ bá dà á lódì, ó lè dì gúlúgúlú.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló dára, kó má gbóná ju èyí tí ọwọ́ lè gbà lọ. Acrylic kò fẹ́ràn iná. Ẹ ti òwú bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀, kí ẹ máa yí i padà jẹ́jẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ gbọ́ o: ẹ má ki ìdì kan bọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún wá ki ìdì kejì àti ìkẹta bọ omi kan náà. Òwú máa ń fa oògùn yìí mọ́ra ju omi lọ, nítorí náà ìdì àkọ́kọ́ á ti gba ìpín tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, èyí tó kẹ́yìn á sì jẹ́ omi lásán. Lójú, gbogbo wọn jọra. Lára kápẹ́ẹ̀tì, apá kan á bu, apá kejì á dúró. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín kò bá gba gbogbo òwú, ẹ pín òwú àti oògùn sí ọ̀nà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìdì kọ̀ọ̀kan ní omi tirẹ̀.

Ẹ lò ó tán lọ́jọ́ tí ẹ bá pò ó. Kì í sùn dára. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àjákù òwú àti àkísà fà á gbẹ, kí ẹ sá wọn, kí ẹ tó kó wọn dànù. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Quat àti zinc pyrithione burú fún ẹja ju bí wọ́n ṣe burú fún ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Eriwe àti káàkiri Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sá a, ẹ dán an wò

Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ má ṣan án. Ẹ gbé e kọ́ sí abẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Silane quat kì í dì mọ́ òwú títí omi yóò fi kúrò. Nínú ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ gbígbóná ni wọ́n ń gbà á kọjá. Àwa kò ní in, a ó fi àkókò rọ́pò iná. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ lọ́wọ́, ẹ tún fi ọjọ́ kan gbáko kún un kí ẹ tó gbé e sórí ìbọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ju bromophenol blue ìwọ̀nba ṣóńṣó ọ̀bẹ sínú ife omi kan. Ẹ gé òwú méjì tó mọ́ ní àwọ̀, ọ̀kan tó ti gba oògùn, ọ̀kan tí kò gbà á. Ẹ rì wọ́n bọ inú ife fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣan wọ́n lábẹ́ omi. Èyí tó gba oògùn á dúró ní àwọ̀ búlúù, èyí tí kò gbà á á padà sí bó ṣe wà. Ẹ mú un láti orí, àárín àti ìdí ìdì náà, ó kéré tán ibi mẹ́ta. Bí búlúù ibì kan bá ki, tí ti ibòmíràn sì ṣá, òwú kò wọ omi dọ́gba. Ẹ tún ìgbésẹ̀ 4 ṣe.

Irun àgùntàn fúnra rẹ̀ máa ń mú díẹ̀ nínú búlúù yìí. Ìdí nìyẹn tí òwú tí kò gba oògùn fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gún un

Ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ẹ wọ ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń gé irun rẹ̀ dọ́gba, torí eruku òwú ti gba oògùn báyìí. Bí ọwọ́ tó tutù tàbí ti epo bá kan aṣọ férémù, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Látẹ́ẹ̀sì

Bí mo bá ní kí ẹ fara balẹ̀ sí ibì kan, ibí ni. Nínú kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé padà, ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bu. Ammonia tó ń ta wá nímú nínú látẹ́ẹ̀sì olómi ló ń dáàbò bò ó nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí látẹ́ẹ̀sì bá ti ń gbẹ, ammonia á fò lọ, ohun tí yóò kù lẹ́yìn ni rọ́bà àti àwọn ohun tó wá láti ara igi rọ́bà, oúnjẹ tó dùn mọ́ ẹ̀bu. Látẹ́ẹ̀sì tí kò bu nínú kẹ́ẹ̀gì fún oṣù mẹ́fà lè bu lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ má da silane quat sínú látẹ́ẹ̀sì. Wàrà tí wọ́n fún ọsàn sí ni ẹ ó rí: á dì, á ya, kẹ́ẹ̀gì kan á sì ṣòfò. Zinc pyrithione ni ti ìhín.

Ẹ kọ́kọ́ ro ìgò zinc pyrithione náà dáadáa láti ìsàlẹ̀, nítorí ó máa ń sẹ̀. Ẹni tí kò bá rò ó á bu omi lásán ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgò, á sì bu oògùn tó pọ̀ jù ní ìparí rẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ bá ní 0.5% nínú látẹ́ẹ̀sì, tí ẹ sì fẹ́ lo látẹ́ẹ̀sì kílò 2, gíráàmù 10 ni ẹ ó wọ̀n. Ìṣirò ìgbésẹ̀ 3 kò wọ ibí, àyàfi tí ìwé náà bá sọ pé ojúlówó oògùn ni òun ń kà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣọ́ra fún irin. Zinc pyrithione àti ìpẹtà kò rẹ́. Wọ́n jọ ń di àwọ̀ búlúù tó dúdú, á sì hàn látẹ̀yìn wá síwájú lára kápẹ́ẹ̀tì tí òwú rẹ̀ funfun. Bí omi bọ́họ̀ yín bá ń fi àmì pupa sílẹ̀ nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin wà nínú rẹ̀. Omi òjò mímọ́ tàbí pure water ni kí ẹ fi la látẹ́ẹ̀sì tó bá ki jù. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi ṣíbí irin tó ti pẹtà rò ó.

Oògùn yìí kì í ṣe ohun eré. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kà á mọ́ ohun tó lè pa ọmọ inú lára. Aboyún kò gbọ́dọ̀ pò ó, ìbọ̀wọ́ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń pò ó.

Ẹ kọ́kọ́ po ìwọ̀nba ife kan, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá dì tàbí tó yí àwọ̀ padà láàárọ̀, ẹ má fi kan iṣẹ́ oníbàárà. Bó bá dúró bó ṣe wà, ẹ po ìyókù.

Nígbà tí ẹ bá ń fi pa ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dára ju nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí tó bá nípọn á yára gbẹ lójú, awọ á bo orí rẹ̀, omi tó wà lábẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Lójú yín ó ti gbẹ. Nínú, adágún ni.

Ìgbésẹ̀ 8: Sísá, àti aṣọ ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí fáànù kan máa fẹ́ sí iwájú, kí èkejì máa fẹ́ sí ẹ̀yìn férémù. Bí ẹ̀rọ ọ̀rinrin bá ń sọ pé ó ti kọjá 70% tọ̀sán-tòru, ẹ má retí pé látẹ́ẹ̀sì á gbẹ ní iye ọjọ́ tó máa ń gbẹ ní oṣù Kejì. Ẹ sọ fún oníbàárà tààrà. Ojúde Ọba 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, àárín òjò gan-an. Iléyá sì ń tètè dé sí i lọ́dọọdún nítorí oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà fún ọdún mélòó kan sí i, inú òjò ni iṣẹ́ àjọ̀dún á ṣì máa bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ náà, kó tètè wá. Bó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ ní kó yá ẹní lò.

Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí a tì nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lẹ aṣọ ẹ̀yìn. Ọ̀nà méjì ni, kí ẹ sì ṣe méjèèjì. Àkọ́kọ́, ẹ wọn kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú férémù rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Èkejì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá funfun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn látẹ́ẹ̀sì, kí ẹ dí gbogbo etí rẹ̀, kó sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìrì nínú ọ̀rá náà láàárọ̀, kò tíì gbẹ.

Aṣọ ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdọ̀họ sílẹ̀. Ó rí dára nínú fọ́tò, àmọ́ ó ń fa omi láti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó sì ń bu kíákíá. Aṣọ polypropylene, irú èyí tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, ló bá ilẹ̀ wa mu. Àwọn kan á ní kò dùn-ún wò. Ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì ni. Ta ni yóò dojú rẹ̀ dé kó máa wò ó?

Ìgbésẹ̀ 9: Ohun tí ẹ ó sọ fún oníbàárà

Ẹ sọ pé ẹ ti fi oògùn sí i kí ẹ̀bu àti òórùn má baà bà á jẹ́. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ń pa àrùn, tàbí pé ọmọ tó ń rákò lórí rẹ̀ kò ní ṣàìsàn. Ẹ kò dán ìyẹn wò, oògùn náà kò sì ṣèlérí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ẹni tó bá ní oògùn inú ọjà òun ń dáàbò bo ọjà náà ní òmìnira tirẹ̀, àmọ́ bó bá ti ní ó ń dáàbò bo ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí apakòkòrò. Níbí, NAFDAC ló ń bójú tó irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó bá ní òun kò fẹ́ oògùn kankan nínú yàrá ọmọ òun, ẹ bá a ṣe é láìsí oògùn, kí ẹ fi polypropylene ṣe é, kí ẹ sá a dáadáa. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ kọ fún un pé kó má fi blíìṣì fọ̀ ọ́, kó má tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ, kó má sì fi omi rẹ ẹ́ kọjá irun. Nígbà tí ẹ bá ń dì í, aṣọ tàbí pépà ni kó kọ́kọ́ kan ara rẹ̀. Ọ̀rá wà fún ojú ọ̀nà nìkan. Bó bá ti délé, kí wọ́n tú u.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìgò àyẹ̀wò

Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gé ègé kan tó tó ìka mẹ́ta níbùú àti lóròó, òwú, látẹ́ẹ̀sì àti aṣọ ẹ̀yìn lápapọ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ kan tí kò gba oògùn kankan. Ẹ gbé wọn sínú ìgò méjì tó ní ìdérí, pẹ̀lú òwú rírẹ nísàlẹ̀ ìgò tí kò ní kàn wọ́n. Ẹ gbé wọn síbi tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa wò wọ́n láti ìta láìṣí wọn.

Ẹni tó bá ń ta fún hótẹ́ẹ̀lì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lè fẹ́ ju ìyẹn lọ. Àyẹ̀wò tí àgbáyé mọ̀ fún kápẹ́ẹ̀tì ni AATCC 174, ó sì ní apá ti kòkòrò àìfojúrí àti apá ti ẹ̀bu. Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka microbiology ní fásitì OOU, Àgọ́-Ìwòyè, tàbí fásitì Babcock ní Ìlíṣàn, bóyá wọ́n á gbà láti bá yín ṣe irú rẹ̀.

Bí èyí tí kò gba oògùn bá bu, tí tiyín kò sì bu, iṣẹ́ yín dára. Bí kò bá sí èyí tó bu nínú méjèèjì, àyẹ̀wò náà kò sọ nǹkan kan. Òwú inú ìgò lè ti gbẹ, ẹ tún un ṣe. Bí tiyín bá bu, ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí irun, ẹ padà sí ìṣirò ìgbésẹ̀ 3 àti ọṣẹ ìgbésẹ̀ 2. Láàárín látẹ́ẹ̀sì àti aṣọ ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ. Lójú látẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, ẹ kò ro ìgò zinc pyrithione, tàbí ẹ kò wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ìgò tó bu jáde kí ẹ tó ṣí i, níta ṣọ́ọ̀bù, jìnnà sí òwú tuntun, kí ẹ wo nọ́ńbà iṣẹ́ yẹn nínú ìwé yín láti mọ ẹni tí ẹ ti gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún.